Ọjọ́ Tí Ọjà Ìlógbè Ṣófo

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oyè jókòó ní Ẹmùré, Akínlolú Oyèwọlé kò lè dúró sójú kan mọ́. Á ka ojú ìwé méjì, á dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà. Á bu omi sínú ife, á gbé e sójú fèrèsé, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Gbémisọ́lá ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkéré, tí òun àti bàbá rẹ̀ sì jọ ń gbé níbẹ̀ láti ìgbà tó ti Èkó dé, ka ife mẹ́rin lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

"Dádì, ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ lẹ ń kà bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò."

"Ìdánwò náà ni. Wọ́n á ní kí n búra kí n tó sọ̀rọ̀."

"Ṣé irọ́ wà níbẹ̀ ni?"

"Kò sí irọ́ níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ fọ ife wọ̀nyí nígbà náà."

Ìlógbè ni ìwé náà ń sọ nípa rẹ̀, ìlú kékeré kan láàárín Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá Akínlolú, ní ilé Ajíbóyè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1914, nígbà tí ogun àwọn òyìnbó ti dé Kamẹrúùnù, ajẹ́lẹ̀ kan kó sójà wá sí agbègbè náà láti wá àwọn aláàárù tí yóò ru ẹrù ogun. Nígbà tó padà dé ibùjókòó rẹ̀, ó kọ ìròyìn. Ìlà mẹ́fà péré ló fi sọ ti Ìlógbè. Ó ní òun dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, tí í ṣe ọjọ́ ọjà wọn, òun sì bá ọjà lófìfo. Ó ní Ọlọ́jà Ajíbóyè, olórí ìlú, ti fi ojo sá wọ igbó pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, pé ẹni tó bá sá fún àlejò kò yẹ ní olórí. Ó gba ọ̀pá oyè lọ́wọ́ ilé Ajíbóyè, ó gbé e fún ilé mìíràn, ọ̀dọ̀ wọn ló sì wà títí di òní.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ọmọ ilé Ajíbóyè ní ọmọ Asálọ́jà. Akínlolú jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ àgbà, ó gba bọ́ọ̀lù, ó ń sáré lọ, ọmọkùnrin kan sì pariwo tẹ̀lé e pé, "Ẹ fi ọmọ Asálọ́jà sílẹ̀ kó máa sá, iṣẹ́ ilé wọn ni." Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ó lọ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ gbé omi kaná.

Ó dàgbà, ó di tíṣà ní Igbára-Odò, Tíṣà ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gboyè dókítà lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ òpìtàn. Nígbà ìsinmi, tí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ sóko kòkó, òun á wọ mọ́tò lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Á jókòó láti àárọ̀ títí wọ́n fi máa tì í, á máa fi pẹ́ńsù da ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ. Ibẹ̀ ló ti rí ìlà mẹ́fà yẹn. Ó kà á tán, ó jáde, ó rin ọ̀nà gígùn kan láìmọ ibi tó ń lọ.

Ohun tó fi bá ajẹ́lẹ̀ jà kì í ṣe ìbínú. Ìṣirò ni. Ọjà Ìlógbè jẹ́ ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Bí a bá ná an lónìí, a ó ka òní ní ení, ọ̀la ní èjì, títí dé àrún, ọjà tún pé. Ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà kà á yóò rí i pé ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láti ọjà kan dé èkejì, nítorí pé àwa máa ń ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn. Ohun tó sì dùn mọ́ Akínlolú nínú rẹ̀ ni pé ọjọ́ ọjà kì í sinmi. Bí ọba wàjà, wọ́n lè má pàtẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà á kọjá lọ, èyí tó tẹ̀ lé e á sì bọ́ sí àyè tirẹ̀. Ó dà bí aago tí ẹnikẹ́ni kì í yí. Bí o bá mọ ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo, o lè máa ka mẹ́rin mẹ́rin padà sẹ́yìn dé ayé àwọn baba ńlá.

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 1986, ó dúró láàárín ọjà Ìlógbè, ó kọ déètì náà sílẹ̀. Ó bi àgbà mẹ́rìndínlógún ní ìlú bóyá ọjà náà yẹ̀ rí, wọ́n ní láéláé, kò yẹ̀ rí. Ó padà sí Igbára-Odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ó ka ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì fi ọjọ́ kan kún ọdún tí oṣù Kejì bá pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbàá mẹ́tàlá ọjọ́ ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó fi mẹ́rin pín in, ó ku ọ̀kan. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan náà ló ń kù.

Èyí já sí pé ọjọ́ tí ajẹ́lẹ̀ dé kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ kejì ni ọjà. Ọjà ṣófo nítorí pé kò tíì pé, Ajíbóyè kò sì sá lọ síbì kankan, ó wà lóko tó ń wa iṣu bí ẹlòmíràn. Òyìnbó ló ṣi ọjọ́ kà.

Orí ìṣirò yẹn ni Akínlolú kọ ìwé rẹ̀ lé ní ọdún 1991. Ìwé náà ló gbé e dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìkéré, níbi tó ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n pè é sí Ìbàdàn, wọ́n pè é sí Ifẹ̀, wọ́n tilẹ̀ pè é sí ìlú òyìnbó lẹ́ẹ̀kan, kó wá ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ọjà mú irọ́ ajẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ilé Ajíbóyè ti gbé ọ̀rọ̀ oyè wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀, ìwé yìí sì ni ẹ̀rí tó ga jù lọ lọ́wọ́ wọn. Tí ìgbìmọ̀ bá gbà á, ọ̀pá oyè á padà sílé lẹ́yìn àádọ́fà ọdún.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Gbémisọ́lá wa òun lọ sí Ìlógbè kí òun lọ ya àwòrán ọjà fún ìgbìmọ̀. Gbémisọ́lá mọ̀ pé ara tí kò balẹ̀ ló ń gbé e kiri, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Nínú ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọdán, Màmá Abigail jókòó ti àwo orúnlá. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń tajà, òun ń fi ẹnu ṣọ́ wọn.

"Tíṣà, kí lo ń yà ní fọ́tò kiri bí ẹni tó fẹ́ ra ọjà tòun ti igi?"

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Mo fẹ́ fi han ìgbìmọ̀ ní Ẹmùré ni. Ọjà tí kò yẹ ọjọ́ rẹ̀ láti ayébáyé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ayébáyé ti ta ni?"

"Ti Ìlógbè yìí náà ni."

"Ọmọ mi, mo wà níbẹ̀ nígbà tí a sún un."

Akínlolú sọ fóònù kalẹ̀ láti ojú rẹ̀. "Ẹ sún kí ni, Màmá?"

"Ọjà. Mọ́tò Dáfídì ló fà á. Mọ́tò kan ṣoṣo ló ń wá síbí láti Ìkéré nígbà náà. Ọjọ́ ọjà wa gan-an ló máa ń lọ sí Ìjàn, ọjọ́ kejì ló máa tó dé ọ̀dọ̀ wa. Epo wa á ti wà nílẹ̀ mọ́jú, uṣu wa á ti wà nílẹ̀ mọ́jú. A bẹ Dáfídì títí. Ó ní mọ́tò kan ni Ọlọ́run fún òun, òun kò lè pín in sí méjì. Àwa obìnrin bá jókòó. A ní kò burú, kí ọjà tẹ̀ lé mọ́tò. A sún un síwájú ní ọjọ́ kan."

"Ọdún wo nìyẹn?"

"Ọdún tí Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ dé. Oyún Comfort wà nínú mi."

"Àwọn ìjòyè kò kéde rẹ̀?"

"Kí ló kàn wọ́n? Ọkùnrin Ìlógbè wo ló ń ka ọjọ́ ọjà? Ìyàwó rẹ̀ ní í sọ fún un. A délé, a sọ fún wọn pé ọ̀la ni ọjà, wọ́n ní ó dáa."

"Màmá, mo bi àgbà mẹ́rìndínlógún léèrè. Gbogbo wọn ní kò yẹ̀ rí."

"Ṣé o bi mí?"

Akínlolú wo ìsọ̀ náà yí ká.

"Mo wà nínú ìsọ̀ yìí lọ́jọ́ tí o wá," ni Màmá wí. "O gbé báàgì aláwọ̀ kan kọ́ èjìká. O kí mi dáadáa, ọmọ gidi ni ọ́. Àmọ́ ulé àwọn olóyè lo ń lọ, o kò dúró."

Akínlolú ti ń ṣe ìṣirò náà lọ́kàn bó ṣe ń gbọ́ ọ. Kò nílò pẹ́ńsù. Tí ọjà bá sún síwájú lọ́jọ́ kan ní ọdún 1955, a jẹ́ pé ṣáájú ìgbà náà, ọjà máa ń ṣáájú ọjọ́ tí òun kà ní ọjọ́ kan. Ọ̀kan tó ń kù láti ọdún pípẹ́ kò kù mọ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ajẹ́lẹ̀ kò ṣi ọjọ́ kà.

Ó di igi ìsọ̀ mú. "Màmá, ṣé wọ́n sọ nǹkan fún yín nípa ọjọ́ tí òyìnbó bá ọjà lófìfo?"

"Ìyá mi àgbà wà níbẹ̀, ó ti bímọ méjì. Wọ́n ti gbọ́ láti Ìsẹ̀ pé ọjọ́ ọjà làwọn sójà máa ń dúró dè, torí ibẹ̀ làwọn ọkùnrin á ti pọ̀. Wọ́n á yí ọjà ká, wọ́n á so ọkùnrin mọ́ okùn, ó di Kamẹrúùnù. Àwọn obìnrin bá lọ bá Ajíbóyè. Wọ́n ní, 'Ọjà tiwa ni, a kò ní ná an.' Ajíbóyè ní, 'Tí ẹ kò bá ná an, èmi á wá ibi tí a ó wọ̀.' Ó kó gbogbo ùlú wọnú ugbó. Ọjà mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀."

"A jẹ́ pé ó sá lóòótọ́."

"Ó sá kẹ̀. Òun ló kó wa sá. Ìwọ ìbá dúró?"

 Nínú mọ́tò, Akínlolú tan rédíò, ó pa á, ó tún tàn án.

"Arúgbó lè ṣì í sọ," ni Gbémisọ́lá wí.

"Ó lè ṣì í. Èmi náà lè ṣì í."

"Ó yẹ ká lè dán an wò, Dádì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọjà, ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀. Ọjà á máa bọ́ sí Sọ́ńdè lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ irú Sọ́ńdè bẹ́ẹ̀ sí ní 1955, ìwé á sọ tirẹ̀. Tí wọn kò bá sún ọjà, mẹ́rin mẹ́rin ló máa jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí wọ́n bá sún un síwájú lọ́jọ́ kan, ẹ máa rí mẹ́ta níbì kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà á padà sí mẹ́rin."

Akínlolú fi ìka kà á lórí orúnkún rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lóòótọ́. Fún ìṣẹ́jú kan, inú rẹ̀ dùn sí bí nǹkan náà ṣe bára mu tó, ó tilẹ̀ gbàgbé ohun tó lè gba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Ìlógbè kó ìwé àkọsílẹ̀ ìsìn àtijọ́ jáde fún wọn láti inú àpótí. Kòkòrò ti jẹ etí ìwé náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ katikíìsì tó kọ ọ́ ṣe kedere. Ó kọ iye ènìyàn tó wá, ó kọ ẹsẹ̀ Bíbélì, àti ní àwọn Sọ́ńdè kan, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Ọjà. A tètè ṣe ìsìn." Gbémisọ́lá ń ka déètì, bàbá rẹ̀ ń kọ. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá 1954. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin.

Èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin. Gbémisọ́lá wo ibẹ̀, kò sí nǹkan kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìwé padà díẹ̀, ó dúró.

"Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Dádì."

Lẹ́yìn rẹ̀, ó padà sí mẹ́rin, kò sì yẹ̀ mọ́ títí ìwé fi tán.

Nígbà tí wọ́n délé, Akínlolú wá àdàkọ ìròyìn ajẹ́lẹ̀ jáde, èyí tó fi pẹ́ńsù dà kọ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n to iye aláàárù tí wọ́n mú ní ìlú kọ̀ọ̀kan sí. Iwájú Ìlógbè kò ní nọ́ńbà kankan. Ó ti rí àyè òfo yẹn láìmọye ìgbà, ó sì máa ń rò pé ajẹ́lẹ̀ gbàgbé kọ ọ́ ni. Ó tẹjú mọ́ ọn báyìí. Wọn kò rí ẹnì kan mú.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Adégbóyèga wá. Òun ni olórí ilé Ajíbóyè, òun sì ni wọ́n fẹ́ fi jẹ Ọlọ́jà. Ó ti ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ní Èkó kó tó padà wálé, ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ó fi ọdún mẹ́rin ju Akínlolú lọ. Akínlolú ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Adégbóyèga kò jókòó sórí àga tí Gbémisọ́lá fà fún un.

"Tíṣà, ta ló rán ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ jókòó ná, Bùọ̀dá mi."

"Ìwé ti wà níta láti ọgbọ̀n ọdún. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó rí àṣìṣe níbẹ̀. Lọ́yà ilé kejì kò rí i. Ìwọ lo fẹ́ bá wọn rí i?"

"Mo ti rí i."

"Pa ojú dé."

"Wọ́n á ní kí n búra."

"Tí o bá dé ibẹ̀, ka ohun tó wà nínú ìwé, kí o jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ takò ó, kó lọ kọ tirẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Akin, wọ́n pè mí ní Asálọ́jà ní ilé ìwé. Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, àwàdà ni wọ́n fi ṣe. Ìwọ lo wẹ̀ mí mọ́. Ìwọ náà lo tún fẹ́ da ẹrẹ̀ lù mí?"

"Omi tí mo fi wẹ̀ yín ni kò mọ́, Bùọ̀dá."

"Ṣé o rò pé ìgbìmọ̀ máa mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó sá àti ẹni tó kó ìlú sá?"

"N kò mọ̀."

"O kò mọ̀."

"Mi ò mọ̀, Bùọ̀dá. Àmọ́ ẹ gbọ́. Nínú ìwé mi, Ajíbóyè wà lóko, kò mọ nǹkan kan. Òyìnbó ń bọ̀, kò mọ̀. Wọ́n gba ọ̀pá rẹ̀, kò mọ ìdí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gbé e kiri àgbáyé bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí nǹkan kàn ṣẹlẹ̀ sí. Òun àti àwọn obìnrin sì jókòó gbìmọ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo rò pé mò ń gbèjà rẹ̀ ni."

Adégbóyèga yí sí ẹnu ọ̀nà. "Oyè ni mo bá ọ sọ, o ń bá mi sọ ìwé," ló wí, ó sì jáde.

Ní Tọ́sìdeè, gbọ̀ngàn tí ìgbìmọ̀ jókòó sí ní Ẹmùré kún. Adájọ́ Mojírádé, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹjọ́, ni alága. Ilé méjèèjì jókòó lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Adégbóyèga wà ní ìlà àkọ́kọ́, kò wo ọ̀dọ̀ Akínlolú.

Akínlolú búra, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó sọ ìṣirò rẹ̀ ti ọdún 1986, ó sọ ibi tó ti yẹ̀, ó ka déètì inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Ó sọ ohun tí Màmá Abigail sọ fún un. Ó gbé orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ti mú aláàárù sókè, ó fi àyè tó ṣófo níwájú Ìlógbè hàn wọ́n. Ariwo bẹ̀rẹ̀ lápá òsì kó tó parí, ẹnìkan sì wí láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ dì í mú, kó má sá." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà ilé kejì dìde, ó rọra ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Nítorí náà, sà, ajẹ́lẹ̀ tọ̀nà."

"Ó tọ̀nà lórí ọjọ́."

"Ọjọ́ ọjà ni, ọjà sì ṣófo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ajíbóyè sì sá?"

"Ó sá. Òun ló kó wọn sá, wọn kò sì rí ẹnì kan mú lọ ní Ìlógbè. Òyìnbó kọ ọ́ pé ojo ni. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ọjà tó ṣófo. Èyí tó kù, ó méfò rẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà méfò, sà, ní ọdún 1991."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo méfò."

Lọ́yà jókòó bí ẹni tó jẹun yó. Adájọ́ Mojírádé ti ń ṣí ẹ̀yìn ìwé Akínlolú, ibi tí ó to orúkọ àwọn tó bá sọ̀rọ̀ sí.

"Àwọn mẹ́rìndínlógún yìí, Dókítà, obìnrin mélòó ló wà nínú wọn?"

"Kò sí ọ̀kankan, Màmá."

"Ọjà ni ẹ ń kọ ìwé nípa rẹ̀?"

"Ọjà ni."

Adájọ́ pa ìwé náà dé. Ó ní ẹ̀rí arúgbó kan ṣoṣo kò tó láti fi gba oyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì tọ́ kí ìgbìmọ̀ tì í dànù. Ó sún ìjókòó síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. "Ẹ padà lọ bi àwọn obìnrin," ló wí. "Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Ẹ má bá wọn tún un ṣe."

Níta, Adégbóyèga ti wà nínú mọ́tò rẹ̀. Ó yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni mí, Akin."

Ó yí gíláàsì sókè, mọ́tò lọ.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, obìnrin márùn-ún ló ti péjọ sínú ìsọ̀ Màmá Abigail kí Akínlolú tó dé. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní ọgọ́rin. Kò tíì ṣí ìwé rẹ̀ tán tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá mi àgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé a kò ní ná an," ni Màmá Abigail wí.

"Irọ́ ńlá," ni Ìyá Yínká dáhùn. "Ata ni ìyá rẹ àgbà ń tà. Ta ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ alátà nínú ìpàdé? Ìyá ọkọ mi ni."

"Ìyá ọkọ rẹ tó ń sá fún adìẹ."

"Ó ń sá fún adìẹ, kò sá fún sójà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Akínlolú kọ méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára tó ẹnu wọn.

Fóònù rẹ̀ dún. Adégbóyèga ni. Kò kí i.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Akínlolú tẹ fóònù kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta, ó gbé fóònù náà sáàárín àwọn obìnrin, lórí àwo orúnlá.

"Ta ló wà nínú nǹkan yẹn?" ni Ìyá Yínká béèrè.

"Ọmọ ulé Ajíbóyè ni, Màmá."

"Ṣé kò lẹ́sẹ̀ ni? Ó dáa, kó máa gbọ́. Ohun tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ níbí nìyí. Ajíbóyè kò kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀rù bà á. Ó ní tí òyìnbó bá dé, tí kò bá ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n á mú. Àwọn obìnrin ní ó dáa. Wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti àárọ̀, wọn kò dáná, wọn kò fún ọmọ lọ́yàn. Ìgbà tó di ọ̀sán ló tó jáde."

Màmá Abigail gbójú sílẹ̀, ó ń ṣa orúnlá rẹ̀. Ó dà bíi pé òun náà mọ̀ ọ́n.

Gbémisọ́lá tẹ̀ sí etí bàbá rẹ̀. "Dádì, ṣé ẹ máa kọ ìyẹn náà?"

"Mò ń kọ ọ́."

"Kí ló wá sọ nígbà tó jáde?" ni ohùn Adégbóyèga wí láti orí àwo, ó lọ sílẹ̀ gan-an.

"Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè."

"Mo ní kí ni Ajíbóyè sọ nígbà tó jáde?"

"N kò tíì débẹ̀," ni Ìyá Yínká wí. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì ń wá ibi tí òun ti dá ọ̀rọ̀ dúró. Lójú fóònù, ìṣẹ́jú ń gorí ìṣẹ́jú, Adégbóyèga kò sì gé ìpè náà.